Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Igo Tó Ń Gbà àti Igo Tó Ń Dà

Lẹ́tà tó wọlé sí wa lóṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìdánwò practical ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ ilé-ìwé, olùkọ́ wọn, òṣìṣẹ́ láàbù, títí kan oníṣòwò epo pupa, ń béèrè ìdí tí iye tí wọ́n wọ̀n lánàá kò fi bá tòní mu. A ti gé àwọn lẹ́tà kan kúrú. mL (mílílítà) ni a ó máa lò. Ẹni tí ìwé tirẹ̀ bá kọ cm³ kó má jẹ̀ẹ́ kó dà á láàmú, ọ̀kan náà ni.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin olóòtú. SS3 ni mo wà, Òkè-Àró nílùú Àkúrẹ́ níbí ni ilé wa. Nígbà tí a ṣe titration (rírọ ásíìdì díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ á fi yí, ká lè mọ iye tó gbà), ásíìdì wà nínú búrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì onílà tó ní táàpù nísàlẹ̀), sodium carbonate 25 mL wà nínú fúláàsìkì, methyl orange (aró tó ń fi ìyípadà hàn) sì ni a kán sí i. Mo rí 24.10, mo tún un ṣe mo rí 23.40, mo tún un ṣe mo rí 24.65. Tíṣà wa ní ìkánjú ló ń ṣe mí. Ṣé ìkánjú nìkan ni?

Ìdáhùn: Ọmọ wa, ìkánjú lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Wo iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa: wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń bọ̀ nílẹ̀. Àṣìṣe tó ń mú iye pọ̀ sí i yàtọ̀ sí èyí tó ń dín in kù, ó sì jọ pé oríṣi méjèèjì ló ń bá ọ ṣeré.

Jẹ́ ká mú èyí tó ń mú un pọ̀ jù. Bí o bá fi omi ṣan búrẹ́ẹ̀tì tán, tí o sì rọ ásíìdì sí i lójú ẹsẹ̀, omi tó kù lára gíláàsì ti bù mọ́ ásíìdì náà, o sì máa nílò púpọ̀ sí i kí àwọ̀ tó yí. Lẹ́yìn omi, fi ásíìdì fúnra rẹ̀ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, bíi 5 mL lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Dà á dùbúlẹ̀ díẹ̀, máa yí i kí ásíìdì kan gbogbo inú rẹ̀, kí o wá ṣí táàpù kó gba ẹnu ìsàlẹ̀ jáde, nítorí ẹnu ìsàlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ nínú ṣíṣàn yẹn. Lẹ́yìn èyí, wo abẹ́ táàpù. Afẹ́fẹ́ sábà máa ń há síbẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀ nígbà tí o ka iye àkọ́kọ́, tó wá jáde láàárín iṣẹ́, ásíìdì ló máa gba àyè rẹ̀. Búrẹ́ẹ̀tì á ka ásíìdì yẹn sí èyí tó ti jáde, bẹ́ẹ̀ kò dé inú fúláàsìkì rárá. Ṣí táàpù gbayawu ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kí o tó bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á bá a lọ. Ohun mìíràn tó ń mú iye pọ̀ ni pé àwọn kan máa ń fi sodium carbonate ṣan fúláàsìkì kóníkà, wọ́n rò pé bí ti búrẹ́ẹ̀tì ló rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Distilled water nìkan ni ti fúláàsìkì. Omi tó bá kù sínú rẹ̀ kò ba nǹkan kan jẹ́, torí iye sodium carbonate tí pípẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń fa iye omi kan pàtó) gbé wá kò dín, kò lé. Carbonate tó bá kù síbẹ̀ ni yóò béèrè ásíìdì tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Èyí tó ń dín iye kù ńkọ́? Àrọ tí o fi rọ ásíìdì, tí o gbàgbé sórí búrẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kán méjì mẹ́ta tó ń jábọ́ láti ara rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ ń kún búrẹ́ẹ̀tì padà lẹ́yìn rẹ. Yọ àrọ kí o tó ka iye àkọ́kọ́. Pípẹ́ẹ̀tì tí a fi omi ṣan tí a kò fi sodium carbonate ṣan lẹ́yìn rẹ̀ máa ń ṣe irú rẹ̀: ohun tó gbé kò lágbára tó.

Ṣùgbọ́n ojú ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Omi kì í tẹ́ pẹrẹsẹ nínú gíláàsì tóóró. Etí rẹ̀ a gun ògiri, àárín rẹ̀ a tẹ̀ kòtò bí inú ṣíbí. Ìsàlẹ̀ kòtò yẹn ni à ń kà, ojú ẹni sì gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú rẹ̀. Báyìí ló ṣe máa ń ṣẹlẹ̀: búrẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì, òdo rẹ̀ ga ju orí rẹ lọ, o ń wò ó láti ìsàlẹ̀, iye tí o kà á sì tóbi ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí ásíìdì bá ti lọ sílẹ̀ dé 24, o ti ń wò ó láti òkè, iye tí o kà á sì kéré jù. Nígbà tí o bá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkẹyìn, àṣìṣe méjèèjì gbè síra wọn lẹ́yìn. Tú ẹ̀mú tó di búrẹ́ẹ̀tì mú díẹ̀, kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé iwájú ojú rẹ, tàbí kí o gbé gbogbo ìdúró rẹ̀ sórí àpótí kékeré nílẹ̀. Bí o bá di páálí funfun tí o kùn ní dúdú nísàlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, tí etí dúdú náà wà díẹ̀ sísàlẹ̀ ojú omi, kòtò náà á hàn ketekete.

Má fi àsìkò ṣòfò láti mú un bọ́ sórí 0.00 gan-an. 0.35 náà dára, kí o ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ iye kọ̀ọ̀kan dé ipò méjì lẹ́yìn ojú àmì: ìlà búrẹ́ẹ̀tì 50 mL jìnnà síra wọn ní 0.1, nítorí náà bó bá wà lórí ìlà, òdo ni ipò kejì. Bó bá wà láàárín ìlà méjì, 5 ni. "24.1" nìkan kò tó, àwọn tó ń máàkì WAEC máa ń wò ó.

Ẹ̀kán kan láti ẹnu búrẹ́ẹ̀tì tó nǹkan bí 0.05 mL. Nígbà tí yẹ́lò methyl orange bá ti ń fẹ́ di ọsàn, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ni kó máa bọ́, kí o máa yí fúláàsìkì. Tí ẹ̀kán kan bá pọ̀ jù, ṣí táàpù títí ẹ̀kán á fi rọ̀ sẹ́nu láìjábọ́, fi ẹnu búrẹ́ẹ̀tì kan ògiri fúláàsìkì, kí o fi omi díẹ̀ ṣàn án wọlé. Bó bá ti di pupa, ó ti kọjá. Ẹ̀kán methyl orange méjì nínú gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe méjì lónìí, márùn-ún lọ́la. Dúró tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí o tó ka iye ìkẹyìn, kí ásíìdì tó lẹ̀ mọ́ ògiri lè sọ̀ kalẹ̀ tán.

Titration àkọ́kọ́ ni ti ìdánwò ọwọ́, kì í wọ inú ìpíndọ́gba. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 24.10, tí méjì tó tẹ̀lé e jẹ́ 23.75 àti 23.80, méjì wọ̀nyí nìkan ni o máa pín: 23.78. Iye méjì tó jìnnà síra ju 0.20 lọ kò yẹ kí a pín papọ̀. Tún un ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ kẹ́mísírì ni mí nílùú Oǹdó. Láàárín àwa olùkọ́ fúnra wa, àríyànjiyàn wà lórí ẹ̀kán tó máa ń kù sẹ́nu pípẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní ká fẹ́ ẹ síta, kí 25 mL lè pé. Àwọn kan ní ká fi í sílẹ̀. Èwo ni ká kọ́ àwọn ọmọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, sà. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀kán yẹn kì í ṣe ènì tí ìyá ọlọ́jà gbàgbé láti fi síi. Ẹni tó fa ìlà sọ́rùn pípẹ́ẹ̀tì ti mọ̀ pé yóò kù síbẹ̀, ó ti ṣírò rẹ̀, ó sì fa ìlà náà síbi tó jẹ́ pé ohun tó bá jáde láì fẹ́ ẹ ni 25 mL. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ti bu ènì sí i, ènì a sì máa ba ìdíwọ̀n jẹ́ ní láàbù.

Ẹ wo ara pípẹ́ẹ̀tì náà. "Ex" tàbí "TD" túmọ̀ sí pé ohun tó máa dà jáde ni wọ́n wọ̀n. "In" tàbí "TC" túmọ̀ sí pé ohun tó gbà sínú ni wọ́n wọ̀n, irú èyí tí ẹ máa rí lára fúláàsìkì ọlọ́rùn gígùn. Ìdí nìyí tí a kì í fi fúláàsìkì 250 mL wọn 250 mL fún ẹlòmíràn: ó gba 250, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dà á, èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri kò ní bá a jáde. Igo tó ń gbà yàtọ̀ sí igo tó ń dà, ẹni tó bá pààrọ̀ iṣẹ́ wọn kò ní rí iye tó péye, kódà bí gíláàsì náà bá jẹ́ èyí tó dára jù lọ lágbàáyé.

Àwọn pípẹ́ẹ̀tì kan wà tí a ń fẹ́ lóòótọ́. Òrùka funfun tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa, tàbí òrùka méjì, máa ń wà lókè wọn níbi tí rọ́bà ń wọ̀. Pípẹ́ẹ̀tì onílà gbọọrọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí kò bá sí òrùka yẹn, ẹ má fẹ́ ẹ.

Fún ti onílà kan ṣoṣo: ẹ fa omi kọjá ìlà bí ìbú ìka méjì, ẹ fi tíṣù nu òde ẹnu rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ dé ìlà nígbà tí ẹnu rẹ̀ ń kan ògiri bíkà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ gbé e lọ sí fúláàsìkì. Pípẹ́ẹ̀tì á dúró ṣánṣán, fúláàsìkì ni kó tẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣàn fúnra rẹ̀, bó bá tán, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wà lára ògiri fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá yọ ọ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti bù, ẹ kó o dànù. Yóò máa yára dà ju bó ti yẹ lọ, èyí tó ń kù sára ògiri á sì yí padà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ kankan má fi ẹnu fa nǹkan kan. Ìgbà tí rọ́bà ìfamu kò bá kárí, kí wọ́n máa gba á lọ́wọ́ ara wọn.

Ìbéèrè: Láàbù ilé-ìwé kan ní Ọ̀bá-Ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Fúláàsìkì 250 mL wa ní 20 °C lára. Àkúrẹ́ kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́sàn-án oṣù Kejì, yàrá wa máa ń gbóná ju 30 lọ. Ṣé gbogbo ohun tí mo ń pò ni kò péye?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ kì í ṣe pé yàrá gbóná. Kí ẹ pò ó ní ìwọ̀n ooru kan, kí ẹ sì lò ó ní òmíràn ni ewu wà. Láti 20 dé 30 °C, fúláàsìkì fúnra rẹ̀ kò fẹ̀ ju 0.07 mL lọ nínú 250, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní rí nínú titration. Omi ló ń fẹ̀: mílílítà kan rẹ̀ wúwo tó giráàmù 0.9982 ní 20 °C, ó di 0.9957 ní 30 °C. Bí ẹ bá pò ó lọ́sàn-án, tí ẹ sì lò ó lọ́sàn-án, ìyàtọ̀ náà kò kàn yín.

Ibi tó ti ń kàn yín ni èyí. Sodium carbonate kò tètè yọ́, ẹnìkan bá gbé omi gbígbóná, ó dà á sínú fúláàsìkì, ó kún un dé ìlà nígbà tó ṣì wà ní 50 °C. Nígbà tó bá padà sí 30, omi náà á ti sún kì, nǹkan bí 1.9 mL á ti dín nínú 250. Ẹ máa rí i lọ́rùn fúláàsìkì, ojú omi á ti sọ̀ kalẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ á wá lágbára ju iye tí a kọ sára rẹ̀ lọ. Fífi iná yọ́ nǹkan nínú fúláàsìkì yẹn gan-an tún burú ju ìyẹn lọ.

Bí a ṣe ń pò 0.05 M sodium carbonate, 250 mL, nìyí (M ni àmì agbára ohun tí a pò, iye mole nínú lítà kan). Ẹ wọn giráàmù 1.325 èyí tí a ti yan gbẹ tó sì ti tutù. Ẹ fi bíi 100 mL distilled water yọ́ ọ nínú bíkà; ẹ lè mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n kó tutù padà kó tó wọ fúláàsìkì. Ẹ fi àrọ rọ ọ́ wọlé, ẹ fi omi díẹ̀ ṣan bíkà, igi tí ẹ fi rò ó àti àrọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí gbogbo omi ìṣàn náà wọlé. Ẹ kún un títí yóò fi ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí ìlà, ẹ dúró díẹ̀ kí omi ọrùn sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá fi dírọ́pà parí rẹ̀, ojú yín wà ní ọ̀gbọọgba. Ẹ dé e, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ gbé e padà, bí ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré á rí i pé èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ kò rí bákan náà.

Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò tán tí ojú omi wá wà lábẹ́ ìlà díẹ̀, ẹ má bu omi sí i. Ara ọrùn àti ìdérí ló lẹ̀ mọ́, kò sá lọ. Bí ẹ bá sì kún un kọjá ìlà, ẹ má fa á jáde: sodium carbonate á bá a lọ. Ẹ dà á nù, kí ẹ tún un pò.

Ọ̀rọ̀ omi náà: pure water inú ọ̀rá kì í ṣe distilled water, omi kànga náà kì í ṣe. Bí ẹ bá sì ń rà á lọ́wọ́ àwọn oníbátìrì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì, torí ásíìdì bátìrì náà máa ń wà nínú kẹ́ẹ̀gì tó jọ ọ́.

Ìbéèrè: Èmi ni mo ni ilé-ìwé kan l'ádùúgbò Ìjàpọ̀. Wọ́n bá mi ra búrẹ́ẹ̀tì àti pípẹ́ẹ̀tì méjìlá-méjìlá wá láti Èkó, owó wọn dínkù gan-an sí ti tẹ́lẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọn kò tàn mí jẹ?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ẹ ti mọ kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ sínú lọ́jà. Bí a ṣe ń mú irú rẹ̀ ni a ṣe ń mú èyí náà. Ẹ wọn ohun tó dà jáde lórí òṣùwọ̀n.

Kí òṣìṣẹ́ láàbù yín gbé distilled water sínú yàrá fún wákàtí bíi méjì kó lè bá yàrá dọ́gba, kó fi tẹmómítà wo ooru rẹ̀. Kó pa fáànù, torí atẹ́gùn á máa ti òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n tó ń ka 0.01 giráàmù tó. Kó gbé fúláàsìkì kékeré gbígbẹ tó ní ìdérí lé e, kó dá a padà sí òdo, kó fi pípẹ́ẹ̀tì da 25 mL sí i gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé fún olùkọ́ Oǹdó lókè, kó dé e, kó kà á. Mílílítà omi kan lórí òṣùwọ̀n jẹ́ giráàmù 0.996 bí omi bá wà ní 25 °C, ó jẹ́ 0.9946 ní 30 °C; ó dín díẹ̀ sí 0.9957 tí a sọ lókè torí afẹ́fẹ́ máa ń gbé omi sókè díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Nítorí náà, ní 30 °C, pípẹ́ẹ̀tì 25 mL gbọ́dọ̀ fún yín ní giráàmù 24.87. Àwọn tó ń retí 25.00 gan-an ló ń rò pé wọ́n ti rẹ́ wọn jẹ.

Pípẹ́ẹ̀tì 25 mL tí wọ́n tẹ B sí lára ní ẹ̀tọ́ láti fi 0.06 mL ṣì. Èyí tó jẹ́ A kò gbọ́dọ̀ ju 0.03 lọ. Fún B, ohun tó bá wà láàárín 24.81 àti 24.93 dára. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu ṣùgbọ́n tí wọ́n jìnnà sí 24.87, pípẹ́ẹ̀tì ló ṣì. Bí wọn kò bá bára wọn mu, ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ni. Búrẹ́ẹ̀tì: kó máa tú 10 mL sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti òdo dé 50, kó máa wọn ìdá kọ̀ọ̀kan; 9.95 ni kí kálukú wọn sún mọ́. Àwọn búrẹ́ẹ̀tì kan wà tó péye lókè tí inú wọn fẹ̀ tàbí tó fún nísàlẹ̀, 50 lápapọ̀ kò ní fi ìyẹn hàn yín.

Kí ẹ tó dá gíláàsì lẹ́bi, ẹ rí i pé ó mọ́. Ẹ fi omi ṣan án, kí ẹ wò ó. Bí omi bá tẹ́ lára ògiri bí awọ tín-ínrín, ó mọ́. Bó bá dúró lẹ́kánlẹ́kán, ọ̀rá wà níbẹ̀, ẹ̀kán wọ̀nyẹn ni kò jáde. Omi wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ, kí a ṣàn án dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́, á ha á.

Ìbéèrè: Epo pupa ni mò ń fún l'Òkìtìpupa, ilé-iṣẹ́ ni mò ń tà á fún. Ọmọ tó ń bá mi wọn ásíìdì inú epo máa ń rí nǹkan bíi 4.4%. Oníbàárà mi á ní 5 ni, nígbà mìíràn ó lé. Ọmọ náà ń fi pípẹ́ẹ̀tì wọn epo 5 mL, ó ń pín in fún 5. Ta ló ń parọ́?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó ń parọ́. Pípẹ́ẹ̀tì kì í ṣe irinṣẹ́ epo. Wọ́n fi omi ṣírò ohun tó máa kù lára ògiri rẹ̀. Epo nípọn, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Síwájú sí i, epo 5 mL kì í ṣe giráàmù 5. Epo pupa tó yọ́ dáadáa, ní bíi 50 °C, jẹ́ nǹkan bíi 0.89 giráàmù ní mílílítà kan, nítorí náà 4.45 giráàmù ni ọmọ yín ń fi sínú fúláàsìkì, tó sì ń pín in fún 5. Epo tó jẹ́ 5% lóòótọ́ á di 4.45% lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ gbé fúláàsìkì kóníkà lé òṣùwọ̀n, ẹ da epo tó ti yọ́ tí ẹ sì ti rò pọ̀ sí i, bíi giráàmù 5, ẹ kọ iye gan-an tó jẹ́. Ẹ da ethanol wọ́ọ́rọ́ 50 mL lé e, èyí tí ẹ ti fi sodium hydroxide díẹ̀ pa ásíìdì inú rẹ̀ pẹ̀lú phenolphthalein (aró tó ń di píǹkì nígbà tí ásíìdì bá tán). Sílíńdà, igo gbọọrọ onílà, ti tó láti fi wọn ethanol náà, kò nílò pípẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá fi 0.1 M sodium hydroxide ṣe titration rẹ̀ láti búrẹ́ẹ̀tì, ẹ máa gbọ̀n ọ́n gidigidi, títí àwọ̀ píǹkì á fi dúró fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Àwọ̀ epo pupa máa ń bo píǹkì mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tòrò díẹ̀, kí ẹ wo ethanol tó léfòó lókè.

Ìṣirò rẹ̀: 25.6 lọ́nà M lọ́nà mL tí ẹ lò, kí ẹ pín in fún giráàmù epo. Bí epo bá jẹ́ 5.00, tí sodium hydroxide 0.1 M bá jẹ́ 9.8 mL, 5.02% ni. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í fẹ́ kó kọjá 5, nítorí náà 4.45 tí kì í ṣe òótọ́ lè mú kí wọ́n dá ọkọ̀ epo yín padà.

Sodium hydroxide tó ti pẹ́ ń fa afẹ́fẹ́ carbon dioxide mu, agbára rẹ̀ a sì máa dínkù. Bó bá jẹ́ èyí tí ẹ pò lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, iye mL á pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, epo yín á sì dà bí èyí tó burú ju bó ti rí lọ. Ẹ tún agbára rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí táàpù búrẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ gíláàsì, ẹ ṣan án lójú ẹsẹ̀ tí iṣẹ́ bá parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á lẹ̀ pa.

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ iṣẹ́ láàbù ìṣègùn nílùú Oǹdó. Lórí máíkírò-pípẹ́ẹ̀tì (pípẹ́ẹ̀tì kékeré oníbọ́tìnnì tó ń lo típù, ẹnu oníke tí a ń pààrọ̀), omi máa ń fún mi ní iye tó dára, ṣùgbọ́n omi ẹ̀jẹ̀ máa ń dínkù. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Omi ẹ̀jẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ inú típù. Fún un, fi ọ̀nà àbọ̀dé ṣe é: tẹ bọ́tìnnì dé ìdúró kejì kí o tó ki típù bọ inú rẹ̀, fa á sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí o wá tẹ̀ ẹ́ jáde dé ìdúró kìíní nìkan. Èyí tó bá kù sínú típù, dà á nù. Omi lásán ni a ń fà láti ìdúró kìíní tí a sì ń tẹ̀ jáde dé ìkejì. Tẹ típù tuntun wọ inú nǹkan náà lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kó rin kí o tó gba èyí tí o fẹ́ lò, má kì í wọlé ju mílímítà 2 sí 3 lọ, kí pípẹ́ẹ̀tì dúró ṣánṣán. Má sì ṣe dà á dùbúlẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣì wà nínú típù, á ṣàn wọ inú ẹ̀rọ. Heinrich Schnitger ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Marburg, Jámánì, ní 1957, kí àwọn èèyàn lè yé fi ẹnu fa nǹkan.

Ìbéèrè: Kúkúrú ni tèmi. Potassium permanganate dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí kòtò ojú omi. Ásíìdì HCl líle ńkọ́, ṣé pípẹ́ẹ̀tì ni kí n fi wọ̀n ọ́n? Ìlà ara bíkà sì ńkọ́?

Ìdáhùn: Permanganate: etí òkè ni kí o kà, níbi tó ti kan gíláàsì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Níwọ̀n ìgbà tí o bá ti ṣe méjèèjì bákan náà, ìyọkúrò á bá a mu.

HCl líle: sílíńdà ni. 36% tí wọ́n kọ sára ìgò kì í dúró pẹ́ nígbà tí a bá ti ṣí i, ó ń tú bí èéfín, nítorí náà pípẹ́ẹ̀tì kò lè sọ ọ́ di èyí tó péye. Fún 0.1 M, lítà kan, 8.6 mL ni. Dà á sínú omi, má da omi sínú rẹ̀. Fẹ̀rẹ̀sé ni kí o dúró sí. Lẹ́yìn náà kí o fi sodium carbonate wá agbára rẹ̀ gan-an.

Bíkà: ìlà ara rẹ̀ lè fi 5% ṣì. 100 tó kọ lè jẹ́ 95, ó lè jẹ́ 105. Ibi tí a ti ń po nǹkan ni, ibẹ̀ ni kó mọ.